Bí a ṣe ń yẹ tọ́ọ̀ṣì LED olówó pọ́ọ́kú wò: ọ̀dọ̀ bátìrì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ní Ọjà Fálàwò ní Ṣágámù tàbí Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, bákan náà ni wọ́n ṣe ń ta tọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́jà á tan án, á kọ ojú rẹ̀ sí òrùlé ìsọ̀, ibẹ̀ á mọ́lẹ̀ yòò, oníbàárà á sì tọwọ́ bàpò. Ìmọ́lẹ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn kò lè ya ojúlówó sọ́tọ̀ kúrò lára gbàrọgùdù, torí pé gbogbo tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ kún ló ń tàn. Ohun tí owó wa ń rà ni bí yóò ṣe tàn ní wákàtí kejì, lóru ọjọ́ tí wọ́n ti mú iná lọ láti ìrọ̀lẹ́, àti bí yóò ṣe tàn nígbà tó bá pé ọdún kan lọ́wọ́ wa. Ọ̀dọ̀ bátìrì ni ìdáhùn méjèèjì wà.

LED fúnra rẹ̀, ìyẹn ojú iná kékeré tó wà láàárín gíláàsì, lè tàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí. Ẹ tú àwọn tọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pé wọn ò tàn mọ́: nínú ọ̀pọ̀ wọn, LED ṣì wà láàyè. Bátìrì ló kú, tàbí síwíìṣì ló ṣẹ́, tàbí wáyà ló já níbi tí wọ́n ti jó o mọ́ bátìrì.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe

Kò sí tọ́ọ̀ṣì kan tó mọ gbogbo iṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ń wọ ìgbẹ́ lọ ṣa ìgbín lóru nígbà òjò, ilẹ̀ àti abẹ́ ewé ló ń wò. Ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀, tí kò le jù, tó sì lè tàn di ìdájí ló bá a mu. Ọdẹ àdúgbò tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan dúró ní ìpẹ̀kun òpópónà nílò ìmọ́lẹ̀ tó ṣù jọ tó sì ń lọ jìnnà. Ará Ìjẹ̀bú tó wà létí omi, tó ń wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò gbọ́dọ̀ ra èyí tí omi lè wọ̀. Bí wọ́n bá kọ IPX4 sára páálí, òjò lásán ló lè gbà. IPX7 ló lè bọ́ sómi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó má bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn wà lára páálí tó yẹ kí ẹ yà sọ́tọ̀. Lumen ni àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde. Candela ni bí ìmọ́lẹ̀ ṣe le tó ní ojú kan ṣoṣo tí tọ́ọ̀ṣì kọjú sí. Tọ́ọ̀ṣì méjì lè ní 200 lumen bákan náà, kí ọ̀kan tan gbogbo pálọ̀, kí èkejì sì tan ojú kékeré kan lára igi lọ́ọ̀ọ́kán. Ìlànà FL1, tí àwọn tó ń ṣe tọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lọ́dún 2009, ní kí wọ́n máa ka bó ṣe jìnnà tó dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kù sí ti òṣùpá àrànmọ́jú, ìyẹn 0.25 lux (lux ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sí ojú nǹkan). Gẹ́gẹ́ bí ìlànà yìí, 2,500 candela á lọ 100 mítà, 10,000 candela á lọ 200 mítà. Agbára ní láti di ìlọ́po mẹ́rin kí jíjìnnà tó di ìlọ́po méjì. Ní òpin 100 mítà yẹn, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ òṣùpá nìkan ló kù: ẹ ó rí i pé ènìyàn dúró níbẹ̀, ẹ ò ní mọ ẹni tó jẹ́. Fún àyíká ilé, ilé ìyàgbẹ́ ẹ̀yìnkùlé àti ojú ọ̀nà, 100 sí 200 lumen tó. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì ló ń jẹ.

Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tún wà níbẹ̀, àwọn tó ń ra tọ́ọ̀ṣì kì í sì í sábà bèèrè rẹ̀. LED funfun kì í ṣe funfun láti inú wá. LED aláwọ̀ búlúù ni, tí wọ́n fi nǹkan aláwọ̀ ìyeyè bò lójú kí àpapọ̀ àwọ̀ méjèèjì lè jọ funfun. Akasaki, Amano àti Nakamura, àwọn ọmọ bíbí Japan mẹ́ta tó ṣe LED búlúù yẹn ní àṣeyọrí, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 2014. Nínú irú èyí tí kò wọ́n, àwọ̀ pupa máa ń ṣọ̀wọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń ṣa obì lálẹ́ ní Rẹ́mọ yóò mọ ohun tí mò ń sọ: lábẹ́ iná tó ń ṣe búlúù búlúù, obì pupa máa ń dúdú, ojú ihò tí kòkòrò gbà wọlé á sì parẹ́ mọ́ ara rẹ̀. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n díẹ̀, ihò náà hàn kedere, àti eruku tó yí i ká. Ìdánwò rẹ̀ nínú ìsọ̀ kò gba àkókò: ẹ tàn án sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí pupa ẹ̀jẹ̀ bá hàn lábẹ́ awọ, ó dára. Bí ọwọ́ bá ṣe bí eérú, ẹ má fi irú rẹ̀ ṣa nǹkan, ẹ má sì fi í wo egbò ọmọ.

Ẹ ṣí ìdí rẹ̀ kí ẹ mọ bátìrì tó wà níbẹ̀

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣí ìdí rẹ̀ wò."

"Ẹ ṣí i, bọ̀dá, ṣùgbọ́n ẹ má já wáyà mi o."

Ọlọ́jà tó bá gbà kí ẹ ṣí i ni kí ẹ bá nájà. Bí ìdí rẹ̀ kò bá ṣeé ṣí, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ sì gbé e wọ̀n lọ́wọ́. Irú mẹ́rin ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìwà wọn kò sì jọra.

Èkíní ni bátìrì tí a ń rà lẹ́yọ lẹ́yọ, tí a ń jù nù bó bá tán: D ńlá àtijọ́, AA, àti AAA tínínrín. 1.5 fóltì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú wọn, ẹ ya alkaline sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó rọjú, tí wọ́n kọ "heavy duty" sí lára. Alkaline AA lè gbé 2,000 mAh (òṣùwọ̀n iye iná tí bátìrì lè gbé) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; èkejì kì í tó ìdajì rẹ̀, pàápàá nínú tọ́ọ̀ṣì tó ń fa iná púpọ̀. Méjèèjì ló ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti tàn wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìgbà tí àwọn bàbá wa ń sá bátìrì sóòrùn tàbí tí wọ́n ń fi eyín tẹ̀ ẹ́ kó lè tún tàn: ooru ló ń jẹ́ kí èròjà inú rẹ̀ tètè ṣiṣẹ́, ó sì ń ta padà díẹ̀ bó bá sinmi. Iná kankan kò wọ inú rẹ̀. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń da omi sílẹ̀ nínú tọ́ọ̀ṣì.

Èkejì ni NiMH, ìyẹn AA tí a lè ṣáàjì. 1.2 fóltì ni, kì í ṣe 1.5, síbẹ̀ kì í rọlẹ̀ bí alkaline. Ó máa ń dúró sí ojú kan títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí náà tọ́ọ̀ṣì tó bá ń lo AA mẹ́ta máa ń dùn lò pẹ̀lú rẹ̀. Ó nílò ṣájà tirẹ̀, tí a ò sábà rí ní ọjà wa.

Ẹ̀kẹta ni bátìrì olójé, irú ti mọ́tò gan-an tí wọ́n ṣe ní kékeré, 4 fóltì. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì ńlá oníke tí irin méjì máa ń yọ síta ní ìdí rẹ̀ láti wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ó wúwo, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì pọ̀ nílé wa. Mo fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí pé òun ló ń kú jù lọ́wọ́ wa, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó ṣe é jẹ̀bi.

Bátìrì olójé kì í fẹ́ kí inú òun ṣófo. Bí ẹ bá lò ó tán tí ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan líle kan á bẹ̀rẹ̀ sí í dì mọ́ òjé inú rẹ̀, ibi tó bá ti dì mọ́ kò ní gba iná mọ́. Ṣáàjì rẹ̀ sì máa ń falẹ̀. Ká ní 900 mAh ni, tí ohun tó ń ṣáàjì rẹ̀ ń fún un ní 90 mílíámpù: wákàtí mẹ́wàá kò tó, torí pé díẹ̀ máa ń ṣòfò. Ẹ wá wo bí iná ṣe ń wá sí àdúgbò yín. Bó bá wá fún wákàtí mẹ́ta, tí wọ́n sì mú un lọ, a ó tan tọ́ọ̀ṣì náà lálẹ́, a ó lo ìwọ̀nba tó wọ inú rẹ̀ tán, a ó tún dúró de ọ̀la. Bátìrì yẹn kò kún rí láti ọjọ́ tí a ti rà á. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti kú. Ní ilé kejì, ibi tí iná ti dúró, wọ́n fi tiwọn sára ògiri láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Ẹtì, torí pé iná pupa kékeré ara rẹ̀ kò yí padà. Iná pupa yẹn ń sọ pé ó wà lára iná ni, kò mọ ìgbà tí bátìrì kún. Òun náà á gbẹ, á wú, á kú. Tọ́ọ̀ṣì kan náà, ikú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni lithium, irú ti fóònù. Nínú tọ́ọ̀ṣì, ó lè rí pẹlẹbẹ, ṣùgbọ́n èyí tó dára jù láti rà ni 18650, tó rí róbótó: 18 mílímítà ní fífẹ̀, 65 mílímítà ní gígùn, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ ìwọ̀n rẹ̀. 3.7 fóltì ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Bó bá kún, ó ń jẹ́ 4.2. Ó fúyẹ́, ó máa ń kún láàárín wákàtí mélòó kan, wáyà USB tí a fi ń ṣáàjì fóònù ló sì ń lò, nítorí náà power bank, mọ́tò tàbí iná oòrùn lè bọ́ ọ. Fún wa tí iná kì í dúró fún, òun ni mo fi ọwọ́ sọ̀yà sí. Bí owó yín bá ká a, ẹ ra èyí tí 18650 rẹ̀ ṣeé yọ, torí lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú, bátìrì nìkan lẹ ó tún rà.

Ìṣirò ara páálí

Ìṣirò kan wà tí kì í tan ni jẹ, ẹ lè fi fóònù ṣe é níwájú ìsọ̀. Ẹ pín mAh bátìrì sí ọ̀nà 1,000, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú fóltì rẹ̀. Ohun tó bá jáde ni wáàtì tó lè fún yín fún wákàtí kan. LED inú tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú máa ń fún wa ní nǹkan bí 100 lumen lórí wáàtì kan. Èyí tó dára gan-an lè súnmọ́ 150.

Ká ní páálí sọ pé: 1,000 lumen, wákàtí mẹ́wàá, bátìrì 1,200 mAh. 1.2 lọ́nà 3.7 jẹ́ 4.44. 1,000 lumen ń fẹ́ wáàtì mẹ́wàá, nítorí náà bátìrì yẹn kò lè gbé e tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́wàá ni, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ní ju bíi 45 lumen lọ. Ó ṣeé ṣe kí 1,000 lumen jẹ́ òótọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ iná ńlá, kí wákàtí mẹ́wàá náà jẹ́ òótọ́ lórí iná kékeré. Wọ́n kàn kọ méjèèjì sí ẹgbẹ́ ara wọn kí a lè rò pé wọ́n ń bá ara wọn rìn ni. Ìlànà FL1 pàápàá gbà kí wọ́n ka wákàtí títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá: tọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ ní 300 lumen, ó ṣì "ń tàn" ní 30.

Bí ẹ bá rí 10,000 lumen lára tọ́ọ̀ṣì tó wọ àpò ṣòkòtò, ẹ fi sílẹ̀. Ìyẹn ń fẹ́ nǹkan bí 100 wáàtì. Irin tí rẹ́wáyà fi ń yọ́ òjé kì í sábà ju 60 wáàtì lọ, ó sì ń jó ọwọ́. Bátìrì 18650 tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára náà kò sí láyé yìí; èyí tó dára jù lọ ní ìwọ̀n yẹn kò kọjá nǹkan bí 4,000. Ojúlówó 18650 ń wọ̀n tó gíráàmù 45 sí 50. Bí ẹ bá rí òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, ẹ gbé e lé e. Èyí tó bá fúyẹ́ bíi 30, a jẹ́ pé wọ́n fi bátìrì kékeré sínú agolo ńlá.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ tẹ síwíìṣì rẹ̀ léraléra, kí ẹ sì fi ọwọ́ gbá ara tọ́ọ̀ṣì náà nígbà tó ń tàn. Bó bá ń ṣẹ́jú, ibi tí irin ti ń kan irin kò dúró. Ẹ tú ìdí rẹ̀, ẹ wò ó bóyá róbà roboto pupa tàbí dúdú wà ní ẹnu ìdè rẹ̀. Láìsí róbà yẹn, kò sí ohun tó ń dá omi dúró, ohun yòówù kí wọ́n kọ sára páálí.

Ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín, kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lára ògiri, pàápàá lórí iná kékeré. Bí ilà dúdú bá ń sáré kọjá lójú fóònù, tọ́ọ̀ṣì náà ń kú, ó ń tàn, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Kì í ba bátìrì jẹ́, ṣùgbọ́n ojú àwọn kan máa ń rẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá fi kàwé pẹ́.

Ẹ jẹ́ kó tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí iná ńlá nígbà tí ẹ bá ń nájà. Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ irin tó sì ń gbóná sọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rù, ooru LED ló ń rí ọ̀nà jáde. Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ ike tó tutù, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì le gan-an, ooru náà há sí inú, LED á sì ti ibẹ̀ máa jóná.

Bó bá jẹ́ Type-C ni ihò ṣáàjì rẹ̀, ẹ dán oríṣi wáyà méjì wò: èyí tí orí rẹ̀ kan fẹ̀ bíi ti ṣájà àtijọ́, àti èyí tí orí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ Type-C. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú kì í gba iná láti ara èkejì, torí pé wọ́n yọ èròjà kékeré méjì kan kúrò nínú rẹ̀ láti dín owó kù. Ó ṣì ṣeé rà, ẹ kàn ní láti mọ̀ kó tó di pé ilẹ̀ ṣú.

Nílé: ìdánwò alẹ́ kan

Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún. Lálẹ́, nínú yàrá tí kò sí iná mìíràn, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì nàró lórí tábìlì kó kọjú sí àjà funfun. Ẹ fi fóònù lélẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó dojú sókè, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti kàn án tààrà. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ojú kékeré kan lókè tó ń mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Áàpù tó ń ka lux wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ohunkóhun kúrò ní àyè rẹ̀ títí ìdánwò á fi parí.

Ẹ kọ ohun tí ẹ bá kà sílẹ̀ lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí kan, kí ẹ sì máa bá a lọ ní ọgbọọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iye náà gan-an kò ṣe pàtàkì, torí fóònù kan kì í ka bíi èkejì. Bó ṣe ń wálẹ̀ ni kí ẹ wò.

Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 80, tó di 74 lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 73 lẹ́yìn wákàtí kan, tó sì dúró síbẹ̀ títí tó fi wálẹ̀ lójijì, ẹ ti ra ohun gidi. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣètò iná tó ń dé ọ̀dọ̀ LED, kò jẹ́ kí rírẹ̀ bátìrì hàn. Ẹ kàn máa rántí pé irú rẹ̀ kì í kìlọ̀ pẹ́ kó tó kú. Bó bá jẹ́ pé 80 di 60, 60 di 45, 45 di 30, bátìrì àti LED ló ń kojú ara wọn láìsí alárinà. Kò burú fún ilé, ó tilẹ̀ ní àǹfààní tirẹ̀ torí ẹ ó máa rí i bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ẹ máa gbé wọ ìgbẹ́. Bó bá já láti 80 sí 40 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún tó sì dúró sí 40, ẹni tó ṣe é ló ní kó rẹra sílẹ̀ kó má baà gbóná jù; a jẹ́ pé 40 yẹn ni tọ́ọ̀ṣì yín, 80 jẹ́ ti ìsọ̀. Èyí tó bá já sí ìdajì tó sì ń já lọ ni kí ẹ dá padà, bí ọlọ́jà bá ti ṣe àdéhùn pẹ̀lú yín.

Ìdánwò kejì kò gba iṣẹ́. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún, ẹ pa á, ẹ gbé e sínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tún kà á. Síwíìṣì rírọ̀ tí a kàn ń tẹ̀ fẹ́ẹ́ máa ń mu iná díẹ̀díẹ̀ nígbà tí tọ́ọ̀ṣì bá kú pàápàá. Bó bá ti rọlẹ̀ púpọ̀, ẹ máa tú ìdí rẹ̀ ní ìlàjì yíyí kan bí ẹ ò bá lò ó, tàbí kí ẹ fi bébà pélébé sí àárín bátìrì àti irin.

Ṣáàjì: òfin méjì tó takora

Ohun tó ń pa bátìrì púpọ̀ ni pé òfin kan là ń lò fún gbogbo wọn. Olójé ń fẹ́ kíkún nígbà gbogbo. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ lò ó, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú ogún lẹ fi tàn án. Bí ẹ ò bá lò ó rárá, ẹ fún un ní iná lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ pa á, ẹ má lò ó dé òpin. Ẹ ka wákàtí tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀, bó bá pé, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri fúnra yín. Bí iná bá ń ṣe ségesège ládùúgbò, ẹ má fi olójé ṣe tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ gbójú lé.

Lithium kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíkún pátápátá nínú ooru fún oṣù púpọ̀ ló ń gbó o, àti òfo pátápátá náà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e pamọ́, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò tí wọ́n gbé sínú oòrùn. Ẹ kò ní láti dúró kó tán kí ẹ tó ṣáàjì; díẹ̀díẹ̀ nígbàkúùgbà ló bá a lára mu. Bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ báyìí, ó lè gba ṣáàjì kíkún 300 sí 500 kó tó di pé agbára rẹ̀ dín kù dé ibi tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára.

Bátìrì ẹyọ ẹyọ kò ní òfin púpọ̀: ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ àlòkù. Èyí tó ti rẹ̀ á tán ṣáájú, àwọn tó kù á sì máa ti iná gba inú rẹ̀ lódìlódì, òun ló máa da omi. Bí alkaline bá ti da omi, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi òwú tí ẹ rì bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ nu irin ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ibi tí ewu wà

Tọ́ọ̀ṣì tó ní irin tó ń wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri, nínú ọ̀pọ̀ wọn kò sí tiransifọ́mà. Kapasítọ̀ kan, èròjà kékeré tó lè di iná mú sínú, ló ń dín iná kù, ìyẹn ni pé nígbà tó wà lára ògiri, iná 230 fóltì lè kan gbogbo irin inú rẹ̀. Ẹ má tú u, ẹ má tàn án, ẹ má gbé e lé ọmọdé lọ́wọ́ nígbà tó ń gba iná. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́, ẹ má fọwọ́ kan irin méjèèjì, torí iná lè ṣẹ́ kù nínú kapasítọ̀.

Bátìrì 14500 rí gẹ́lẹ́ bíi AA, ṣùgbọ́n 3.7 fóltì ni. Bí ẹ bá kì í bọ tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣe fún AA nìkan, LED lè jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ ka ara bátìrì kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́.

Lithium tó bá wú, tó ń rùn, tàbí tí ike ara rẹ̀ ya, ẹ má ṣáàjì rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e síta, jìnnà sí ohun tó lè jóná. Ẹ má sọ bátìrì kankan sínú iná ààtàn.

Tọ́ọ̀ṣì kékeré ara kọ́kọ́rọ́ tó ń lo bátìrì pélébé bíi bọ́tìnnì, ẹ mú un kúrò ní ilé tí ọmọ kékeré wà bí ìdérí rẹ̀ kò bá ní ìdè onískúrù. Bí ọmọ bá gbé bátìrì yẹn mì tó sì há a lọ́fun, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wò ó bóyá yóò yà á jáde.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ pààrọ̀ bátìrì

Ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ kọ ìdánwò alẹ́ àkọ́kọ́ sí, kí ẹ sì fi bíró kọ déètì tí ẹ rà á sára téèpù kékeré kan tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìdí tọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún ìdánwò náà ṣe ní yàrá kan náà, pẹ̀lú fóònù kan náà. Bí wákàtí tó ń tàn bá ti kù sí ìdajì, bátìrì ti ń lọ. Fún 18650, ẹ mú àlòkù rẹ̀ dání lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé tuntun: orí àwọn kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ti àwọn mìíràn yọ sókè bíi ti AA, àwọn tó ní ààbò nínú sì máa ń gùn ju 65 mílímítà lọ díẹ̀, wọn kì í wọ gbogbo tọ́ọ̀ṣì. Fún olójé, rẹ́wáyà tó ní mítà lè bá yín wò ó: bí 4 fóltì bá ti gba ṣáàjì tó pé, tí ẹ yọ ọ́ kó sinmi fún wákàtí mélòó kan, tí mítà kò sì dé 4 mọ́, kí ó jó tuntun mọ́ wáyà rẹ̀, kí ó sì rí i dájú pé pupa lọ sí ibi àmì ìròpọ̀ kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì.